Olùkọ́ Mẹ́ta, Yàrá Kọ̀ǹpútà Kan

Abẹ́ tábìlì ni Kúbúrá ti kọ́kọ́ rí Oríyọmí. Ọjọ́ kejì tí wọ́n wọlé sáà tuntun ni, nínú oṣù kẹsàn-án. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ìtamága, n'Ìkòròdú, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó sì bá ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lábẹ́ tábìlì.

"Ta nìyẹn? Ṣé kò sí o?"

Ọkùnrin kan wọ́ ara rẹ̀ jáde, wáyà lọ́wọ́, eruku lórí. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mẹ́ta nínú wọn ni iná ò dé, ìyẹn ni mò ń wò. Oríyọmí lorúkọ mi. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó ibí."

"Mísì Fàsásì ni mí. Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa?"

Oríyọmí rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ̀rọ fẹ́ sọ fún ọmọ tí nǹkan ò yé? Ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́ ọ. Tèmi ò ju kí n fi ibi tó ti ṣì í hàn yín."

Ètò náà kò le. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ṣe ìṣirò, ẹ̀rọ á sì máàkì í lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yòókù, wọ́n á wà ní kíláàsì lọ́dọ̀ olùkọ́ wọn, tí yóò ti mọ ohun tó ń dààmú oníkálukú.

Kúbúrá kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kẹta, Oríyọmí pè é wá wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Nínú ọmọ méjìlélógójì, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ṣi ibì kan náà. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àròpọ̀ ìdá. Pínpín rẹ̀ ni ò yé wọn."

Ojú ti Kúbúrá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ wọn ní nǹkan yìí, gbogbo wọn ló sì ń pariwo pé ó ti yé àwọn. Lọ́jọ́ kejì, ó gé bébà sí wẹ́wẹ́, ó tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Oríyọmí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Ẹ̀yin ni."

Kúbúrá yára yíjú sí pátákó kí àwọn ọmọ má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Kí ọdún tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Adúmáradán ni Oríyọmí ń pè é. Bí wọ́n bá ti jáde iṣẹ́, wọ́n á jọ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, wọ́n á dúró síbẹ̀, ọkọ̀ mẹ́rin á kọjá, kò sí èyí tí wọ́n á wọ̀ nínú rẹ̀. Kúbúrá fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí ẹ̀rù fi ń bà á.

Bàbá Kúbúrá ni ìṣòro kan. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni Tíṣà Fàsásì ti ń kọ́ ìṣirò láti ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì fẹ́ rí kọ̀ǹpútà sójú. Bó bá di ọjọ́ Ajé tàbí Ọjọ́bọ̀, á ní kí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ jókòó sí kíláàsì, kí wọ́n má yọjú síbẹ̀.

Oríyọmí kò bá a jà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti parí iṣẹ́, ó lọ bá a nínú kíláàsì, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín. Ẹ̀yin àti èmi nìkan ni, ẹnikẹ́ni ò ní wò wá."

Odindi oṣù kan ni wọ́n fi ṣe é. Ìka kan ṣoṣo ni àgbàlagbà náà fi ń tẹ ẹ̀rọ, Oríyọmí á sì máa fi sùúrù tún un sọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, Tíṣà Fàsásì ti ń kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyá Kúbúrá ló ń kùn. "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn ará ilé wa l'Ẹ̀pẹ́?"

"Sọ fún wọn pé ọmọ dáadáa ni," ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Sùúrù tó ní fún mi, àwọn ọmọ tí mo bí ò ní in." Ó wo Oríyọmí, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ lójú wọn. "Tí sáà yìí bá parí, kó o sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n wá mọ̀ wá, Inṣá Allah."

Ọjọ́ tí sáà parí gan-an ni akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ fún Tíṣà Fàsásì ní lẹ́tà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n so ìwé mìíràn mọ́ ọn. Ìwé náà ní bí ọmọ kíláàsì kan bá ti wà lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, olùkọ́ kan lè máa kọ́ kíláàsì méjì, nítorí náà olùkọ́ ìṣirò méjì ti tó. Ó to máàkì àwọn ọmọ tí olùkọ́ ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ síbẹ̀. Ti Kúbúrá ló ga jù. Ti bàbá rẹ̀ ló kéré jù. Oríyọmí ló fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Kúbúrá mú ìwé náà lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

Oríyọmí ò wò ó lójú. "Èmi ni. Màdáámù tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kí n kọ ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! O wá ń wá jẹun nílé wa! O ń pè é ní Bàbá!"

"Kúbúrá, gbọ́ mi ná. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ. Olùkọ́ kẹta yín, àbúrò Màdáámù ni, wọn ò lè lé e. Ó ku ìwọ àti Bàbá. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

"O mọ̀ pé àwọn ọmọ Bàbá ò tí ì lo kọ̀ǹpútà tó tiwa. O mọ ìdí tí máàkì wọn fi kéré. Ṣé o kọ ìyẹn síbẹ̀?"

Oríyọmí bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà kan tó wà lórí tábìlì.

"Ká ní o bi mí, èmi ni ǹ bá lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo lè ríṣẹ́ níbòmíràn. Ta ló fẹ́ gba Bàbá síṣẹ́ lọ́mọ ọgọ́ta ọdún? O yàn fún mi, Oríyọmí. O ò tiẹ̀ bi mí."

Ó bú sẹ́kún. Oríyọmí na ọwọ́ sí i, Kúbúrá sì sún sẹ́yìn.

Kúbúrá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìdílé náà kó padà sí Ẹ̀pẹ́, Kúbúrá sì ríṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn ún jù. Ó ń kọ́ ọmọ mẹ́tàlélógójì, kò mọ ẹni tí kò yé àfi tí ìdánwò bá dé, tó sì ti pẹ́ jù. Ó mọ̀ pé ètò yẹn dára. Ohun tó dára ni wọ́n fi lé bàbá rẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ràn ló sì fún wọn láyè.

Nínú oṣù kọkànlá, Oríyọmí wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyìnolúwa. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Tíṣà Fàsásì.

"Dìde, ọmọ mi," bàbá náà sọ. "Mo ti dárí jì ọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló dùn mí. Ọjọ́ tó o kọ ọ́, ò bá wá sọ fún mi. Ǹ bá fúnra mi kọ̀wé pé mò ń lọ."

Oríyọmí sunkún bí ọmọdé. Ìyìnolúwa bẹ̀bẹ̀ títí. Bàbá ní ọwọ́ Kúbúrá ló wà.

Kúbúrá sin wọ́n dé gáréèjì. Ìyìnolúwa wọ ọkọ̀ Ìkòròdú, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.

"Báwo ni ilé-ẹ̀kọ́?" Kúbúrá bèèrè.

"Wọ́n tún ti lé olùkọ́ méjì sí i. Èmi nìkan ni mò ń ṣọ́ ọgọ́rin ọmọ. Mò ń rí ibi tí wọ́n ti ń ṣì í, kò sí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún." Ó nu ojú. "Adúmáradán, ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn gan-an ló burú. Bí mo bá fẹ́ ọ, lójoojúmọ́ ni màá máa bi ara mi léèrè ohun tó o mọ̀ tó ò ń fi pa mọ́ fún mi. Mi ò lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀."

"Tí mo bá búra fún ọ ńkọ́?"

"Má búra. Ọkọ̀ yín ti fẹ́ kún. Máa lọ."

Oríyọmí wọ ọkọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí Kúbúrá délé, bàbá rẹ̀ ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Mo lè pè é lórí fóònù. Ọkọ̀ wọn ò tí ì jìnnà. Ṣé o fẹ́ kí n pè é padà?"

Kúbúrá bojú wo ọ̀nà gáréèjì. "Rárá."

"Irọ́ lò ń pa fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó sọ, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."