Okùn Ń Sùn Nínú Orí Ẹyinjú

Ẹyinjú ni gbogbo ilé ń pè é. Láàárọ̀ yìí, ó ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀. Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni.

"Ẹyinjú mi," ni Màmá wí nínú fóònù. "O ti di ẹ̀gbọ́n o!"

Yéè! Ṣùgbọ́n Màmá àti ọmọ tuntun wà lódìkejì odò, nílé Màmá àgbà.

Káfíńtà ni Bàbá. Ó ń kan ibùsùn ọmọ. Kó! Kó! Kó!

"Bí mo bá ti kàn án tán, màá wa ọkọ̀ lọ mú wọn wálé."

"Èmi náà ńkọ́?"

Bàbá họ orí. "Bí a bá débùúté, èmi á di ọkọ̀ mú, ẹnì kan á so okùn. Màmá rẹ ló máa ń so ó. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n so, aládùúgbò wa ni màá mú lọ."

"Áà! Bàbá, ẹ kọ́ mi!"

"Yí i po òpó. Gbé e gba abẹ́. Fà á, dan-in dan-in!"

Ẹyinjú so ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó so ó lógún ìgbà. Ó so ó títí ọwọ́ fi ń ta á.

"Mo ti mọ̀ ọ́n! Ó tán!"

Ilẹ̀ mọ́. Ẹyinjú mú okùn. Yí i po... Yí i po... Kí ló kàn? Okùn já bọ́, pọ̀ọ́. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Bàbá, ó ti sá kúrò lórí mi! Ẹ jẹ́ n so ó nígbà ọgọ́rùn-ún lónìí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọ̀gá! Ṣé o lè jẹ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ikùn á bẹ́! Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. So ó lẹ́ẹ̀kan, kí okùn lọ sùn nínú orí rẹ. Lọ́la, kí o ta á jí."

Bàbá tún fi hàn án. Ẹyinjú so ó lẹ́ẹ̀kan péré.

Lójú àlá, okùn náà gùn, ó rọ̀. Ó ń léfòó lórí odò. Ó ń yí ìkùukùu po, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹyinjú ronú, ó ronú. Yí i po... Gbé e... gba abẹ́! Okùn jí!

"Ó tó," ni Bàbá wí. "Má fọwọ́ kàn án lọ́la."

"Tí mo bá gbàgbé ńkọ́?"

"Bí o bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, tí o tún wá a rí, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń dúró."

Ọjọ́ kan kọjá. Ẹyinjú so okùn.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Òjò rọ̀, wínníwínní. Ẹyinjú so okùn.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Kò tilẹ̀ ronú kan okùn mọ́.

Ibùsùn parí. "Ó yá," ni Bàbá wí. "Wọ ọkọ̀."

Ìkùukùu bo odò. Ọkọ̀ ń lọ, ṣàà, ṣàà. Ojú Ẹyinjú ń ṣú lọ, bí ẹni ń tòògbé.

Wọ́n dé èbúté. Omi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn!

"Ẹyinjú, okùn!"

Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó gbá okùn mú. Ó di ojú. Gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Ọwọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Yí i po. Gbé e gba abẹ́. Fà á, dan-in dan-in!

Ọkọ̀ dúró.

"O káre, ọmọ mi!" ni Bàbá kígbe. Ṣùgbọ́n Ẹyinjú ti sáré lọ.

Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá àgbà. Ó gbé ọmọ pínníṣín kan dání. Ọmọ náà la ojú. Ó di ìka Ẹyinjú mú, kò sì fẹ́ fi sílẹ̀.

"Èmi ni mo so ọkọ̀ o," ni Ẹyinjú sọ sí i létí. "Torí kí n lè rí ẹ ni."