Èsì Tí Mosúnmọ́lá Fún Arínúróde

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ Mosúnmọ́lá kọ̀ tí kò gbé e mọ́, Arínúróde, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ṣì ń sọ pé oògùn tí ọmọbìnrin náà ń lò ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìyá Mosúnmọ́lá, Díkónẹ́ẹ̀sì Ìbídùn, ló pọ̀n ọ́n wọ ilé ìwòsàn bí ọmọ ọwọ́, ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ, tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú láàárín àwọn ìlú orí omi. Òkun ti gba etíkun nígbà náà, Òkè-Omi sì ni ìlú tiwọn ń jẹ́, ó léfòó bí ewé.

Ajèèpo ni wọ́n ń pe àrùn tó ń ṣe Mosúnmọ́lá. Àwọn okùn tín-ín-rín ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ojú, wọ́n sì ní èèpo lára bíi ti wáyà iná. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa ṣọ́ ọ ló ń ṣìwà hù, tí wọ́n ń jẹ èèpo náà. Oògùn méjì ló wà. Oògùn ẹ̀rọ̀, èyí tí Mosúnmọ́lá ń lò, ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Akọ oògùn ń pa wọ́n run, ó sì lè pa aláìsàn mọ́ wọn. Nítorí náà ni Arínúróde ṣe ń ya àwòrán ọpọlọ lóṣooṣù, tó ń sọ ibi tí àrùn náà máa dé bí a bá ń bá oògùn kan lọ. Òun nìkan ni àpótí akọ oògùn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Dókítà kankan kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀," ni Dókítà Adéfolú wí.

"Kí n fara balẹ̀ kẹ̀? Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti kú, ẹ ní kí n fara balẹ̀! Mo sọ ọ́ nígbà yẹn, pé Ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ́ Arínúróde. Ẹ fi orúkọ Ọlọ́run sọ irin, ẹ wò ó báyìí!"

Dókítà náà ṣí àwòrán sára ògiri. Àmì funfun kún inú ọpọlọ Mosúnmọ́lá bí ìgbà tí ènìyàn ta ẹfun sílẹ̀.

"Arínúróde rí i, Ìyá. Ó ti ń rí wọn tipẹ́."

"Ó rí i, kò sọ?"

"Ẹnu Mosúnmọ́lá ló gbà gbọ́."

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà dé, àwọn àgbà Òkè-Omi yarí. Wọ́n ní ohun tí kò lè kí ènìyàn kò gbọdọ̀ wo inú orí ọmọ ènìyàn, àti pé àwòrán kò gbọdọ̀ sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di aláìsàn. Ìbídùn wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ jù. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó ṣe ẹ̀rọ náà kùn pé, "Ṣé kó dọ̀bálẹ̀ náà ni?" Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ náà kọ́ ọ ní ìkíni, wọ́n sì ní kí ó máa fi èsì aláìsàn wọn àwòrán, nítorí àmì funfun lè wà lórí ẹni tí kò ní ìnira kankan. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kò rò ni bí àwa ṣe ń dáhùn ìkíni.

Adéfolú fọwọ́ kan ògiri. Ohùn oṣù tó kọjá jáde.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó le, ògo ni fún Olúwa."

Ohùn kejì sì ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Àmín! Àmín lórúkọ Jésù!"

Ìbídùn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó fìdí lé ilẹ̀.

"Ìgbàgbọ́ ni mo fi ń sọ ọ́."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ẹ̀rọ ni kò mọ àdúrà yàtọ̀ sí ìròyìn."

"Ẹ ní kó fún un ní akọ oògùn báyìí. Mo bẹ yín."

"Àfi kó bi í, kí òun fúnra rẹ̀ dáhùn."

Wọ́n tẹ́ Mosúnmọ́lá sínú ihò ẹ̀rọ náà. Ìmọ́lẹ̀ yí i lórí ká.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ara le?"

Mosúnmọ́lá wo ojú ìyá rẹ̀. "A dúpẹ́," ló sọ, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Kò le!" Ìbídùn figbe ta. "Ara ọmọ mi kò le!"

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni Arínúróde dáhùn pẹ̀lẹ́. "Ohùn aláìsàn nìkan ni mo ń gbà."

Ìbídùn rá dé ẹ̀gbẹ́ ihò náà. "Mosún, sọ ọ́."

"Màámi, ẹ ní kí n má fẹnu ara mi gba àìsàn."

"Mo ní bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Irin yìí ni kò mọ̀."

Ọmọ náà lanu.

"Ojú òsì mi ti ṣú láti ìgbà ọyẹ́. Ojú kan ni mo fi ń wa ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń ṣe bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ tútù. Ọjọ́ tí mo ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ máa bínú o, Màámi, kì í ṣe ọṣẹ ló yọ̀ mí. Mo sì ti ń tọ̀ sára. Èmi ni mò ń fọ aṣọ mi kí ẹ tó jí."

Ìbídùn kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Àpótí akọ oògùn ṣí fúnra rẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi," ni Arínúróde wí. "Oògùn yìí á dá ọwọ́ àti ojú ọ̀tún sí. Ẹsẹ̀ kò ní padà. Ká ní mo gbọ́ èyí nígbà ọyẹ́ ni, ẹ̀ bá ṣì máa rìn. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Ẹnu Ìbídùn ti là fún àmín, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára bí ẹ̀rọ náà bá ti sọ̀rọ̀ tán. Ó pa á dé. Adéfolú ń so oògùn kọ́.

Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹsẹ̀ náà bó ṣe máa ń ra á nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tó bá wẹ̀ ẹ́ tán.

"Mosún, ṣé ò ń mọ ọwọ́ mi lára?"

"Rárá, Màámi."