Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí Ìwé Inkar?

"Ẹ gún wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ó ti tó. Ẹ tún gún wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta rèé. Ṣé asẹ́ lẹ fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa dà ni?"

Maksut tó ń wa katakata ní oko ìrẹsì ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé àwọn òbí ní iléèwé. Àga ọmọ iléèwé ló jókòó lé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn òbí yòókù rẹ́rìn-ín.

"Maksut, lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ, o ò ka iye ife ọtí tí o mu." Gulzira ló fún un lésì, obìnrin tó ń ta oògùn nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ìlú Shieli. "Agbára abẹ́rẹ́ kòrónà a máa dínkù. Bí o bá bomi sí oko ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan, ṣé o kì í padà lọ bomi sí i?"

"Àìsàn kì í ṣe ìrẹsì, Gulzira."

"Kòrónà kì í sábà ṣe ọmọdé ní nǹkan," ìyá kan sọ láti ẹ̀yìn. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀kẹta ṣe?"

"Kò pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀," òmíràn dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà á, tí wọ́n ń tì í. Olùkọ́ Rabiga jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ó wá gbé ìwé kan tí òbí yóò fọwọ́ sí sókè.

"Kò sẹ́ni tí yóò fi dandan mú yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò ìdíje fọ́líbọ́ọ̀lù ní ìlú Kyzylorda ní ọmọ tí kò bá gba ẹ̀kẹta kò ní wọlé. Ẹ̀yin òbí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, lónìí ni ìwé yìí máa lọ sọ́dọ̀ wọn."

Inkar jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọdún méjì ló ti ń dúró de ìdíje yìí. Wọ́n ní olùkọ́ni kan ń bọ̀ láti ìlú ńlá, yóò wá mú ọmọ tó bá wù ú. Inkar ń wo ìyá àgbà kan tó wé gèlè funfun ní iwájú. Ulbala ni.

Ulbala kọ́ ló bí Inkar. Dana, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló bí i. Ṣùgbọ́n àkọ́bí ni Inkar, nínú àṣà wọn níbẹ̀, àkọ́bí ọmọ, ti ìyá ọkọ ni. Kò tíì pé oṣù méjì tí Ulbala fi gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Òun ni Inkar ń pè ní Màmá. Ẹ̀gbọ́n ló ń pe Dana. Dana pàápàá kò pè é ní "ọmọ mi" rí lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí i ní Shieli.

Ulbala dìde.

"Nígbà tí wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ mẹ́ta ni ara rẹ̀ fi gbóná. Èmi ni mo jókòó tì í. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ rìnrìn àjò, Sátidé, ọjọ́ mẹ́ta sí òní, ni yóò dé. Màá bi í. Bó bá ní kò séwu, màá fọwọ́ sí i."

"Màmá, lónìí ni ìwé ń lọ," Rabiga sọ.

"Kó máa lọ."

Togzhan, ọmọ Gulzira, ni olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó tẹ̀ sí etí Inkar. "O ò lọ mọ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn ni wọ́n á fi sí ipò rẹ. Ìyá àgbà rẹ ò sì sí nínú ìwé ìbí rẹ. Ẹni tó bí ọ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àbí ẹnu rẹ wú ni?"

Dana ló fi ọkọ̀ gbé ìyá ọkọ rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú.

Inkar dìde. "Olùkọ́, orúkọ ta ló wà nínú ìwé ìbí mi?"

"Jókòó, Inkar."

"Orúkọ Dana ni. Dana ni ìyá mi. Ìyá bàbá mi ni èyí. Kò láṣẹ láti fọwọ́ sí i, kò láṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ńṣe ló gbà mí lọ́wọ́ ẹni tó bí mi."

Maksut pàápàá wo ilẹ̀.

Ulbala tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Òótọ́ ni ọmọ náà sọ," ó wí. "Dana, wá fọwọ́ sí ìwé ọmọ rẹ."

Dana wá sí iwájú. Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó gbójú sókè, Ulbala ti jáde. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gún Inkar lábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. Apá dùn ún díẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná. Ó lọ sí Kyzylorda, ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ẹgbẹ́ wọn gba ipò kẹta. Olùkọ́ni náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn.

Dana ló wá pàdé rẹ̀ níbùdó ọkọ̀ ojú irin.

"Màmá ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Ẹrù rẹ ti wà lọ́dọ̀ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló dì í."

Inkar sáré lọ sílé Ulbala pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn. Ulbala ṣílẹ̀kùn fún un. Ó tẹ́ aṣọ oúnjẹ, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó kí i kú àbọ̀. Ó gbé ife, ó da tíì sí i, ó kún dé etí.

Inkar wo ife náà. Ní Shieli, ẹni tí a bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ìdajì ife là ń bù fún un, ká lè máa bu òmíràn sí i. Ẹni tí a bá fún ní ife kíkún mọ̀ pé kí òun mu ún kí òun máa lọ ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá rẹ á máa retí rẹ," Ulbala dáhùn. "Mu tíì rẹ."

Ó mu ún. Ó lọ.

Ní ilé Dana, àwọn àbúrò rẹ̀ ń wò ó bí àlejò. Ó bá Dana nídìí àwo tó ń fọ̀.

"Kò fẹ́ gbà mí," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa pè yín ní Màmá."

Dana kò yíjú padà. "Ṣé o mọ̀ pé ìwé yẹn ò lọ lọ́jọ́ náà? Àwọn òbí tó fọwọ́ sí i kò tó ìdajì, Rabiga sún un di Mọ́ńdè. Dókítà dé ní Sátidé. Ìyá ọkọ mi lọ bá a. Wọ́n ti gún ọ nígbà yẹn, o sì ti bú u lójú ayé, síbẹ̀ ó lọ bi í bóyá ó lè ṣe ọ́ ní nǹkan. Dókítà ní kò séwu."

Inkar ń sunkún.

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi retí kí o pè mí ní Màmá," Dana sọ. "Nítorí bọ́ọ̀lù lo ṣe pè mí. Máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀." Ó na aṣọ ìnuwọ́ sí i. "Nu àwọn àwo yìí."

Inkar kò parọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dára ní í yọ obì lápò. Èyí tí kò dára, ọfà ló ń yọ lápó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè máa bá àwọn òbí yín jiyàn lórí abẹ́rẹ́ tàbí ohun mìíràn. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ ní sùúrù ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì yín nígbà ibà, ẹ má ṣe fi ìwé bọ́ ipò ìyá lára rẹ̀ níwájú èèyàn. Ó lè gbà fún yín, kó má sì gbà yín padà.