Ọwọ́ Òsì Àjàní

Ọwọ́ òsì ni Ayọ̀dàmọ́lá kọ́kọ́ fi na omi sí mi.

Ọjọ́ Sátidé ni, ní itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Oògùn koríko ni mò ń tà ní Ṣakí, Bàbá Adégbénró sì wá rà á ní ṣọ́ọ̀bù mi. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí. Òun ló kó àwọn ènìyàn jọ láti máa tún ibojì àwọn sójà ṣe, nítorí igbó ti bo gbogbo rẹ̀, ewúrẹ́ sì ń jẹ̀ káàkiri orí wọn. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi oògùn náà ṣe, mo ní èmi fúnra mi ni n óò wá fín in. Bàbá ìyá mi náà ṣe sójà. Ìyá mi ṣì kéré nígbà tí àwọn sójà sin ín, a ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Mo sọ ẹ̀rọ oògùn kalẹ̀, mò ń nu òógùn ojú, ni ọmọkùnrin kan bá na ike omi sí mi. Àwọn tó wà nítòsí wo ọwọ́ òsì rẹ̀, wọ́n wo ojú mi. Ta ni í fi òsì na nǹkan sí ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò ní tọrọ àforíjì? Mo gba omi, mo mu ún.

“Ẹ ò bínú?” ló bi mí.

“Kí ni n óò bínú sí? Nílé wa, ọwọ́ òsì kì í ṣe àrífín.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Nílé tiwa náà nìyẹn. Màmá mi ò bá mi wí rí nítorí ẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“N ò mọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.”

Èmi mọ ìdí tiwa. Ogun abẹ́lé ló gé ọwọ́ ọ̀tún bàbá ìyá mi. Òsì ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń bọ́ ìyá mi kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìyá mi wá búra pé ọmọ kankan kò ní jẹgba nínú ilé òun nítorí ọwọ́ òsì. Lọ́jọ́ náà, mo gbà pé láti ọ̀run ni wọ́n ti yan ọmọkùnrin yìí fún mi. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Komu. Gbogbo Sátidé la jọ ń fọ ibojì. Òun á fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹrẹ̀ kúrò, èmi á fi ọ̀dà funfun kùn ún. “Ìkejì mi,” á ní, “sún mọ́ abẹ́ igi, oòrùn ń pa ọ́.” Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára débi pé ọjọ́ mìíràn ò dùn mọ́ mi bíi Sátidé.

Bàbá mi, Àlhájì Abíọ́nà, kọ̀ jálẹ̀.

“Waheedat, ṣé àwọn ọmọ mùsùlùmí Ṣakí ti tán ni, tó o fi lọ gbé kìrìsìtẹ́nì wá?”

Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ lójúde wa títí àwọn aládùúgbò fi ń bá a bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi rọ̀. “Ṣe ẹ̀sìn tìẹ, kí òun ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò gbọdọ̀ gbọ́ pé o dí i lọ́wọ́ ìrun.” Ìyá Dàmọ́lá náà ránṣẹ́ láti Komu pé òun ti gbà mí níyàwó. Ó ku kí ìdílé méjèèjì fojú rinjú.

Ibi tí a dé nìyẹn tí Dàmọ́lá fi fọ ibojì kan lẹ́bàá ògiri, tí orúkọ sì yọ lára rẹ̀: Ládòkun. Orúkọ bàbá ìyá mi. Mo bú sẹ́kún. Dàmọ́lá gbá mi mọ́ra.

“Má sunkún mọ́,” ó ní. “A ti rí bàbá wa.”

Bàbá wa ló wí, bí àna rere ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí a pe àwọn ẹbí wá ṣe àdúrà, èmi ni mo ní kí ìyá rẹ̀ náà wá, kí àwọn ìyá wa lè mọra wọn. Ó gbé èlùbọ́ wá fún mi, ó ń pè mí ní ìyàwó ẹ̀. Bàbá Adégbénró ń mú wa kiri ibojì, ó ń sọ ohun tó mọ̀ nípa oníkálukú.

“Sájẹ́ńtì Ládòkun rèé. Ogun gé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Òsì ló fi ń kí ọ̀gá, kò sì sí ọ̀gá tó bínú.”

Ìyá Dàmọ́lá dúró sójú kan. “Ládòkun wo? Àjàní?”

Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó fọwọ́ lé ibojì náà.

“Àjàní, tí ogun gba ọ̀tún ẹ̀, tó fi òsì bọ́mọ yó.”

Oríkì yẹn ni ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ní kékeré. Bàbá náà ló fún ara rẹ̀ nínú eré, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọmọ tó bọ́.

Ìyá mi ló parí rẹ̀: “Àjàní, òsì tó dùn ju ọ̀tún lọ.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Ta ló bí ẹ?” ìyá Dàmọ́lá bi í.

“Òun ni, mà.”

“Èmi náà ni. Nígbà tó fẹ́ obìnrin mìíràn sí Ṣakí níbí, ìyá mi gbé mi lọ sí Komu, kò sì jẹ́ kí n jẹ́ orúkọ ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Kàdúná ló kú sí.”

Ìyá mi, tó ti ń sunkún láti kékeré pé òun nìkan ni bàbá òun bí, ṣubú lé e láyà. “Mo lẹ́gbọ̀n-ọ́n,” ló ń wí. “Mo lẹ́gbọ̀n-ọ́n.” Àwọn ènìyàn ń yọ̀. Bàbá mi pàápàá ń nu ojú.

Mo wo Dàmọ́lá. Ó ti rò ó dé ibi tí èmi ò tíì rò ó dé. Búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

Àfáà ní ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lè fẹ́ra wọn. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú gírígírí, mo gbé e tọ ìyá mi lọ.

“Èèwọ̀ Yorùbá ni,” ó ní. “Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín. Waheedat, bó o bá taku, n ò lágbára láti so ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ní ojú òun ò ní rí i. Bó bá bá ìbínú lọ, n óò tún di ẹni tí ò lárá.”

Mo tọ Dàmọ́lá lọ. “Àfáà ní ó ṣeé ṣe.”

“Màmá mi ò pè ẹ́ níyàwó mọ́,” ó ní. “‘Ọmọ àbúrò mi’ ni wọ́n ń pè ẹ́. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi ń pè é.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ máa pè mí?”

Ó sunkún, èmi náà sunkún, ọkàn mi sì bàjẹ́ débi pé mo fẹ́ kí a padà bo ibojì náà mọ́lẹ̀, kí koríko hù lé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, mo máa ń bá ìyá mi lórí fóònù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí yóò máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. N ò lè gba ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Dàmọ́lá ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun lọ sí ọsibítù mìíràn ní Ìbàdàn. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, àwa méjèèjì la ro ìdí ibojì Àjàní. Nígbà tí a parí, ó nu àdá mi mọ́ kó lè dá a padà fún mi.

Ó ń fi òsì nà án bọ̀. Ó wá gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ìyẹn nà án sí mi, bí wọ́n ṣe ń na nǹkan sí àlejò.

Èmi náà na ọwọ́ ọ̀tún, mo gbà á.

“Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi,” mo ní.