Fíìmù Bàbá Fágbénlé

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é nírọ́. Àwa tí a jókòó nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn mọ ohun tí a rí, a sì mọ ohun tí a kò gbọ́.

Rodiat wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì kan l'Ábẹ́òkúta, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ fíìmù. Oṣù mẹ́ta ló fi ń wọ mọ́tò ní Kútọ̀ lọ sí Owódé, kó tó gun ọ̀kadà wọ abúlé Bàbá Fágbénlé. Àgbẹ̀ ni bàbá náà. Níwájú kámẹ́rà, ó sọ bí katapílà àwọn tó ra ilẹ̀ ṣe hú sàréè ìyá rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní, "Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún o."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa fi fíìmù náà han àwọn àlejò láti Èkó, Rodiat rí ìwé ìpolówó lára ògiri. Orúkọ Dókítà Ọládipọ̀, olùkọ́ rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí.

Ó já wọ ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ya fíìmù yẹn?"

"Ẹ̀ka wa ni."

"Èmi ni, sà. Èmi nìkan."

"Kámẹ́rà ta lo fi yà á? Rodiat, ṣé o fẹ́ gboyè níbí àbí o ò fẹ́?"

Ó fi ìbínú fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Aago méjì, gbọ̀ngàn kún. Ojú Bàbá Fágbénlé yọ nínú fíìmù, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ọládipọ̀ bá ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ohùn pa.

Ẹnu bàbá ṣì ń mì. Wọ́n yẹ wáyà wò. Ọládipọ̀ jáde lọ pe oníṣẹ́ iná. Ohùn padà. Ó wọlé. Ohùn pa. Nígbà tó tún jáde tó sì wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan wáyà mọ́.

"Sà," ẹnìkan wí jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, "ẹ dákun, ẹ jáde."

Ìgbà yẹn ni bàbá inú fíìmù pa ẹnu dé. Ó kàn ń wò wá. Rodiat mọ gbogbo àwòrán tó yà. Kò ya ìyẹn.

Ọládipọ̀ jáde, kò mú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kò padà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì Ọládipọ̀ dá fíìmù padà fún Rodiat. "Kọ orúkọ rẹ sí i. Gbé e lọ." Rodiat ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó tan án. Ohùn kò jáde. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá tábìlì. "Kí lèmi ṣe?"

Ní Sátidé, ó lọ sí abúlé. Fáyọmí, ọmọ bàbá, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá ò fọhùn láti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ohùn wọn kàn lọ."

Bàbá rí Rodiat. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Kò sí ohun tó jáde. Rodiat ò mọ ohun tó sún un tó fi yọ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀, tó tan án, tó nà án síwájú bàbá, tó sì fi ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì.

Ohùn bàbá dún ketekete, ohùn ẹni tí inú ń bí burúkú.

"Pa á."

"Kí ni wọ́n wí?" Fáyọmí dì í lápá mú. "Kí ni wọ́n wí?"

Ìka Rodiat wà lórí bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ náà. Títí di òní, kò tíì sọ fún wa bóyá òun tẹ̀ ẹ́.