Àmín Tó Ti Ilẹ̀kùn Ilé Ìwòsàn

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ọmọ tí àbúrò Onídìrí bí ni ìránṣẹ́ káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò, ó ń kéde pé wọ́n ti kó ilé ìwòsàn wọn lọ sí òdìkejì odò.

Irun oníbàárà kan ló wà lọ́wọ́ Onídìrí nígbà tí ìránṣẹ́ náà yọjú sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ta ló ní kí wọ́n kó o?” ló bi í.

“Ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ náà ni, mà. Wọ́n ní gbogbo yín lẹ fọwọ́ sí i.”

Oníbàárà fẹ́ wẹ̀yìn wò ó. Onídìrí rọra dá orí rẹ̀ padà. “Má mi orí,” ló sọ, ó sì ń dirun rẹ̀ lọ.

Lóòótọ́, òun ni káńsẹ́lọ̀ àdúgbò yẹn. Òun náà ló di àbúrò rẹ̀ obìnrin mú láàárọ̀ tí ìrọbí dé, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé kò jìnnà. Àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì lọ wá nǹkan jẹ ni, wọ́n bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń dúró. Nígbà tí ẹnì kan fi máa sọ fún wọn pé òdìkejì odò ni nọ́ọ̀sì wà, tí wọ́n sì rí ọkọ̀ tó gbé wọn sọdá, oòrùn ti dé àtàrí. Ọmọ náà wáyé, kò sunkún. Láti ìgbà náà ni inú Onídìrí ti kú tipiri bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí. Kò tíì sunkún. Ó ń jẹun, kò mọ ohun tó ń jẹ.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá Kápẹ́ńtà, tí òun náà jẹ́ káńsẹ́lọ̀.

Káńsù wọn ní àṣà kan. Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń gbà á nínú ẹ̀sìn Alága. Ẹni tí kì í bá ṣe ẹlẹ́sìn náà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n bá parí, wọ́n á ṣí i. Nítorí àlàáfíà ni wọ́n ṣe gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, Onídìrí àti Kápẹ́ńtà dúró títí. Àmín kan ò tíì tán tí òmíràn á tún fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Kápẹ́ńtà ní, “Tó bá pẹ́ ju báyìí lọ, màá lọ kan àga wá ká jókòó.” Àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Kò ṣàwàdà lónìí. “Mo bi ẹnì kan tó wà nínú yàrá ìpàdé lọ́jọ́ náà,” ló sọ. “Inú àdúrà ni Alága ti ń ka ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó ní kí ilé ìwòsàn kó lọ sí òdìkejì odò, kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àmín. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́. Ẹni tí mo bi gan-an, ojú ẹ̀ wà ní dídì, kò mọ ohun tó ṣàmín sí.”

Àbúrò bàbá Onídìrí ni Alága, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Onídìrí bá a ní pálọ̀ rẹ̀, tó ń gé èékánná. Ó kúnlẹ̀.

“Dìde, ìyá mi. Mo gbọ́ nípa ọmọ yẹn. Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbàdúrà fún yín.”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ṣé ẹ ní kí wọ́n nawọ́ sókè?”

“Gbogbo wọn ló ṣàmín.”

“Èmi ò sí níbẹ̀.”

“Ìwọ lo jáde, ta ló lé ọ? Nọ́ọ̀sì ò tó ibi méjì. Ohun tó dáa ni mo ṣe.”

“Ó lè dáa. Ká ní mo wà níbẹ̀, mi ò bá ti ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún àdúgbò kẹ́ ẹ tó tì í.”

Alága gbé abẹ sílẹ̀. “Àdúrà ò pa èèyàn rí.”

“Èmi náà ń gbàdúrà, Bàbá, ẹ mọ̀. Àmọ́ àdúrà ò ṣeé bá jiyàn. Ọ̀rọ̀ ìlú sì rèé, dandan ni ká jiyàn lé e lórí.”

“Ká wá jókòó ṣèjọba láìfi Ọlọ́run ṣáájú?”

“Ẹ fi í ṣáájú nílé, kẹ́ ẹ tó jáde.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, bí ìjọba ìbílẹ̀ yín bá ń gba ará ìlú láyè níbi ìpàdé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan. Ẹ fetí sí i bóyá wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síta kó yé gbogbo èèyàn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń nawọ́, bóyá ẹnì kan ń ka ọwọ́. Kẹ́ ẹ sì wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta? Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá bá àgádágodo.

Alága yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Kí lo wá fẹ́ ṣe?”

Ohùn Onídìrí ò lọ sókè, kò wálẹ̀. “Ní ìpàdé tó ń bọ̀, Bàbá, mi ò ní jáde. Orí ìjókòó mi ni màá wà. Màá ní kí àdúrà kúrò nínú ìpàdé káńsù, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn padà wá ká dìbò lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, màá sọ fún ìlú bí wọ́n ṣe tì í. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.”