Ẹnubodè Tó Ń Gé Ìkíni

Abẹ́ tábìlì ni Tamandani Jere wà, ó fi eyín di wáyà tẹlifóònù kan mú, ó ń fọwọ́ lọ́ òmíràn, nígbà tí bàtà ọkùnrin kan dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ dákun, ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Má tẹ wáyà yẹn!"

Nígbà tó jáde pẹ̀lú eruku nímú, ọkùnrin náà ṣì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó dúró lórí ìkejì bíi lékeléke. Tamandani fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde.

"Kapambwe lorúkọ mi, ará Kasama. Èmi ni mo ń tọ́jú ìkànnì àwọn ará yunifásítì níbí."

"Ará Bemba? Abájọ! Ẹ ò tíì jẹ ọ̀bọ tán ní Kasama?"

Kapambwe pàtẹ́wọ́. "Háà, Ngoni ni ọ́! Mo ti ń gbóòórùn eku yíyan látẹnu ọ̀nà, mo ṣe bí wáyà ló ń jó."

Àwọn baba ńlá wọn ti bá ara wọn jagun rí. Nígbà tí ogun parí, wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ rọ́pò ọ̀kọ̀. Láti ìgbà náà, ìbátan ni Bemba àti Ngoni. Èébú tí àlejò kò gbọdọ̀ bú wọn, wọ́n lè bú ara wọn, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ kí ara wọn, tí wọ́n sì sọ ìran wọn.

Iṣẹ́ ló gbé Tamandani wá sí Lusaka. Òun ló kó àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìgbèríko jọ sórí ìkànnì kọ̀ǹpútà kan tó ń gba wáyà tẹlifóònù kọjá, láti Chipata dé Mwinilunga. Orúkọ tí bàbá sọ wọ́n ni wọ́n fi ń kọ̀wé níbẹ̀. Wọ́n á béèrè ilé, òjò àti màlúù kí wọ́n tó béèrè oògùn. Ìkànnì ti Kapambwe yàtọ̀. Orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀, wọn kì í kíni, wọ́n sì ń kan ara wọn bí òbúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ńlá láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wà láàárín wọn. Ẹnubodè ni àwọn méjèèjì fẹ́ kọ́ sáàárín ìkànnì méjì yìí, kí ọ̀rọ̀ lè máa kọjá.

Tamandani kórìíra ìfiṣòfò. Nígbà tó rí i pé ìfọ́nnu àti ìnagijẹ ni àwọn ará yunifásítì ń tò sókè lẹ́tà wọn, ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó máa gé àwọn ìlà òkè náà dànù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí ẹnubodè ṣí, nọ́ọ̀sì kan ní Mwinilunga béèrè nípa ọmọ kan tí ọrùn rẹ̀ le gan-an. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, dókítà kan ti dá a lóhùn láti ìlú tí yìnyín ti ń bọ́.

Tamandani fọwọ́ bo ẹnu.

"Kò mọ ìlú náà," ni Kapambwe sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò mọ ọmọ náà."

"Ó mọ àìsàn náà."

Wọ́n dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Kapambwe ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tamandani kò gbà á padà.

Nígbà tí ìfẹ́ wọn jinlẹ̀, Kapambwe pinnu láti kọ̀wé sí bàbá Tamandani, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní Chipata, tí òun náà sì wà lórí ìkànnì àwọn nọ́ọ̀sì. Tamandani ti kọ́ ọ ní ìkíni. Ó kí bàbá, ó kí ilé, ó sọ orúkọ àti ìran rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣẹ̀fẹ̀ ìbátan.

Èsì tó dé le.

"Tamandani, wá sílé. Ẹnìkan tí kò lórúkọ, tí kò kíni, bú mi lójú gbogbo nọ́ọ̀sì. Ó pè mí ní ajẹ-eku, ó ní ọmọ mi wà lọ́wọ́ òun, kí n wá fi eku rà á padà. Ti ẹnubodè yẹn pa. Bó bá jẹ́ òun ló ń fẹ́ ọ, mo kọ̀."

"Kapambwe! O ò kí bàbá mi?"

"Mo kí wọn! Mo kí màlúù wọn pàápàá!"

Ó fi lẹ́tà náà hàn án. Tamandani kà á, ó ka èyí tó dé Chipata, ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì.

"Èmi ni. Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ máa gé e."

Kapambwe yíjú sí ẹ̀rọ náà. "Ẹ̀rọ rẹ ló jẹ ìkíni mi? Ẹ̀yin Ngoni, kò sóhun kékeré tẹ́ ẹ kì í jẹ!"

Omi ń bọ́ lójú Tamandani, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó mú àṣẹ gígé náà kúrò, ó fi òmíràn sí i: ẹnikẹ́ni tí kò bá sọ orúkọ rẹ̀, tí kò sì kíni, ẹnubodè yóò dá lẹ́tà rẹ̀ padà fún un. Àwọn ará yunifásítì pariwo. "Ṣé ilé ìyá àgbà lèyí ni?" ni ọ̀kan kọ. Ẹnubodè dá a padà. Nígbà tó tún kọ ọ́, ó ní: "Ẹ káàsán o. Lubasi lorúkọ mi. Ṣé ilé ìyá àgbà lèyí ni?" Ó kọjá.

Tamandani wá fi lẹ́tà Kapambwe ránṣẹ́ lódindi. Ó kọ tirẹ̀ síwájú rẹ̀: "Bàbá mi, mo kí yín. Ẹ̀rọ alárenà wa ló gé ọ̀rọ̀. Èmi ni mo fún un lọ́bẹ. Ẹ má bínú."

Wọ́n dúró de èsì. Kapambwe ò lè jókòó.

Ìkíni ló kọ́kọ́ dé, ó sì gùn: òjò Kasama ńkọ́, ara ìyá Kapambwe ńkọ́, oko ńkọ́. Lẹ́yìn náà:

"Ìwọ ajẹ-ọ̀bọ, mo ti kà á tán. A kì í fi eku ra ọmọ mi. Sọ fún àwọn àgbà yín kí wọ́n rán alárenà tó ní ẹsẹ̀ wá, kó gbé ohun ìtọrọ wá nínú àwo méjì tí a dé lu ara wọn, bí àṣà wa. Kó kíni kó tó jókòó. Ẹ má ti ẹnubodè yẹn mọ́. Nọ́ọ̀sì mi kan ń retí èsì."

Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ìbéèrè nọ́ọ̀sì náà kọjá lójú wọn pẹ̀lú ìkíni rẹ̀, ó forí lé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí.

Tamandani kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó gbọn eruku aṣọ, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Kapambwe dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Àyànfẹ́, ṣé mo lè wá tẹ wáyà yìí báyìí?"

"Gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èèyàn wà nínú ẹ̀."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde.